Iná Ìtìjú Alága Paná

Ẹ wá ibi kan jókòó sí, kí ẹ sì pa gílóòbù tó ń tàn lásán nínú yàrá kejì kí ẹ tó máa ka èyí lọ. Ọ̀rọ̀ iná ni, mi ò sì fẹ́ kí ẹ máa fi iná ṣòfò lórí ẹ̀.

Alága kan wà. Kì í ṣe alága yẹpẹrẹ o. Alága Àjọ Tó Ń Mójú Tó Dídín Iná Kù Nínú Ilé àti Èéfín Kù Lójú Ọ̀run ni. Orúkọ àjọ yìí gùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gé igi tó ń ṣíji bo ọ́fíìsì, kí pátákó tí wọ́n kọ ọ́ sí lè ráyè dúró. Bí wọ́n ṣe gé igi náà ni oòrùn wọlé. Bí oòrùn ṣe wọlé ni wọ́n lọ ra ẹ̀rọ amúlétutù kún èyí tí wọ́n ní. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, a ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ àjọ náà ò le. Iná tí fíríìjì, áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùrù wa ń jẹ, epo ni wọ́n ń jó níbì kan kó tó dé ilé wa, èéfín epo yẹn ló sì ń gòkè lọ tó ń mú ayé gbóná. Bí a bá lo iná díẹ̀, wọ́n á jó epo díẹ̀, èéfín á kéré. Ó tán. Ẹni tó bá ti dáná rí, ó yé e. Ṣùgbọ́n bí Alága bá fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀, ẹ tètè lọ tọ̀ kí ẹ tó jókòó.

Àwọn ará ìlú sọ ọ́ ní Paná, torí ibi tó bá dé ló ti máa ń pariwo, "Ẹ paná!" Ó pariwo ẹ̀ níbi ìsìnkú, ó pariwo ẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ó pariwo ẹ̀ fún obìnrin kan tó ń sá aṣọ nínú oòrùn ọ̀sán.

Ní ọ́fíìsì ẹ̀, òtútù ni ipò. Aṣọ́bodè ń jókòó síta. Àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké ní fáànù. Ẹni tó bá gba ìgbéga á ní ẹ̀rọ amúlétutù kan, ọ̀gá ẹni yẹn á ní méjì. Alága fúnra ẹ̀, ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá ẹ̀ ni ẹ̀rọ wà, bí ẹni pé ẹja ni, tí wọn ò fẹ́ kó bàjẹ́. Wọ́n ti fi ìṣó kan gbogbo fèrèsé pa kí ipò má baà sá jáde. Alága ń wọ kóòtù nípọnnípọn àti ìbọ̀wọ́ nínú ìlú tí ajá ń sùn sínú gọ́tà nítorí ooru. Akọ̀wé Àgbà, tó ń bá a jókòó nínú yàrá yẹn, ti gbé híítà kan sábẹ́ tábìlì, ibẹ̀ ló ń na ẹsẹ̀ sí. Híítà ń gbóná nísàlẹ̀, ẹ̀rọ ń tutù lókè, àwọn méjèèjì ń bá ara wọn jà látàárọ̀ dalẹ́, iná ìjọba ni wọ́n sì fi ń jà á.

"Ẹ̀yin ọmọ ogun mi," Alága á wí ní àràárọ̀ ọjọ́ Ajé, ooru ẹnu ẹ̀ á máa rú bí èéfín, "ẹ̀yin tí ẹ fi àyà yín dí ojú iná kí ayé má baà jó! Ìgbà tí àwọn ọmọ tí a ò tíì bí bá ń ka orúkọ àwọn akọni, orúkọ ta ni wọ́n á kọ́kọ́ pè?"

"Tiyín, sà!"

"Ẹ má pè é. Mi ò fẹ́ ìyìn."

"Alága," Akọ̀wé Àgbà á wí, "bí ẹ bá ti ń sọ̀rọ̀ báyìí, ó máa ń ṣe mí bíi pé ayé ti ń tutù."

"Ó ń tutù ni," ni obìnrin tó ń tẹ̀wé fún wọn á dáhùn, eyín ẹ̀ á máa kọ lu ara wọn.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn títí wọ́n fi pe Alága lórí fóònù láti olú-ìlú. Ọ̀gá Àgbà, ẹni tó ń ṣàkóso gbogbo ọ̀rọ̀ iná lórílẹ̀-èdè, ń bọ̀ wá yẹ ìlú wò. Bó bá rí i pé iná tí wọ́n ń lò nínú ilé ti dínkù, Alága á kúrò níbẹ̀, á lọ di Olùdámọ̀ràn ní olú-ìlú, wọ́n á sì fún un ní mọ́tò tó ní àsíá níwájú. Bí kò bá dínkù, a jẹ́ pé wọ́n á wá ẹlòmíì sórí àga ẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, àsíá ni Alága ń rí. Ó wo aṣọ ìnulé lórí okùn, ó rí àsíá.

"Bàbá wọn," ni ìyàwó ẹ̀ wí bí wọ́n ṣe ń jẹun àárọ̀, "kí ló le níbẹ̀? Ẹ ní kí wọ́n wo rọ́bà ẹnu fíríìjì wọn. Kí wọ́n ti bébà pélébé mọ́ ẹnu ẹ̀, bí wọ́n bá fà á tó yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, òtútù ń sá níbẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà. Kí wọ́n gbá eruku ẹ̀yìn ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ mu ife tíì kan, kó má se odidi kẹ́tùrù omi. Aṣọ, kí wọ́n kó o jọ kí wọ́n lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n máa dé ìkòkò."

Alága gbé ṣíbí sílẹ̀. "Dé ìkòkò? Ìyá wọn, ṣé o fẹ́ kí n dúró níwájú Ọ̀gá Àgbà, kí n ní, 'Ẹ wo akitiyan mi, mo ní kí wọ́n dé ìkòkò'? Ta ló ń fi ìdérí ìkòkò gba àsíá?"

"Ó dáa. Ẹ jẹun kó má tutù."

Ó lọ sí ọ́fíìsì, ó pe ìpàdé. Ó ní nǹkan tó ṣeé rí lójú lòun ń wá, nǹkan tí èèyàn á rí láti inú mọ́tò láìsọ̀kalẹ̀. Wọ́n ronú títí. Akọ̀wé Àgbà ní kí wọ́n gbẹ́ ère Alága sójú títì. Alága ní ìyẹn dáa, àmọ́ kó dúró ná.

Lójijì ló dìde. "Ìtìjú!" ló wí. "Kí ló ń yí èèyàn padà? Ìtìjú ni! Ilé tó bá ń fi iná ṣòfò, ẹ jẹ́ ká gbé gílóòbù ńlá kan kọ́ sí iwájú ẹ̀, kó mọ́lẹ̀ rekete, kí gbogbo àdúgbò máa fi ojú ilé náà ṣe yẹ̀yẹ́. Iná Ìtìjú lorúkọ ẹ̀! Tọ̀sán-tòru ni kó máa tàn!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ ń dùn wọ́n nítorí òtútù, wọ́n pàtẹ́wọ́ náà pẹ́ kí ara wọn lè yá.

Obìnrin tó ń tẹ̀wé wá béèrè pé, "Sà, inú mítà ta ni gílóòbù náà á ti máa jẹ iná? Bó bá jẹ́ ti onílé, á pa á ni."

Ẹ wo bí ọpọlọ ńlá ṣe ń ṣiṣẹ́. "Kò ní rí i pa," Alága wí. "Ọ̀dọ̀ wa níbí ni wáyà ẹ̀ á ti wá. Mítà ọ́fíìsì yìí ni. Mi ò sì fẹ́ súìṣì kankan lára ẹ̀!"

"Háà!" Akọ̀wé Àgbà di orí mú. "Alága, ẹ rọra máa ronú, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè yòókù."

Bẹ́ẹ̀ ni àjọ tó fẹ́ dín iná kù ṣe ra gílóòbù ńláńlá jọ, wọ́n ní kí wọ́n máa tàn ín lọ́sàn-án gangan.

Ilé Ìyá Oníyìnyín ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ìyá yìí ń ta yìnyín àti omi tútù, fírísà ẹ̀ sì ti dàgbà. Rọ́bà ẹnu ẹ̀ ti ya, okùn ló fi ń dì í pa, bó bá ń ṣiṣẹ́, á máa kùn bí ẹni tí ikọ́ ń dà láàmú. Ó ń jẹ iná lóòótọ́, a ò lè parọ́. Alága gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn dání, ó dúró lójú títì pẹ̀lú kóòtù ẹ̀, òógùn bo ojú.

"Ẹ wò ó!" ló ń ké. "Ẹ wo ọ̀tá ojú ọ̀run!"

"Sà, ojú ọ̀run wo?" ni Ìyá Oníyìnyín wí. "Mi ò tíì débẹ̀."

"Ẹ gbé Iná Ìtìjú kọ́ fún un!"

Wọ́n gbé e kọ́. Obìnrin náà fi ìborùn bojú, ó wọlé lọ sunkún. Kò jáde ní gbogbo ọ̀sán. Ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú ló fẹ́ tan gílóòbù tiẹ̀, ló wá rí i pé yàrá ti mọ́lẹ̀. Ó yọ orí síta. Gbogbo iwájú ilé ń tàn yanranyanran. Ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, ó wọlé, ó gbé tábìlì ọjà ẹ̀ jáde sábẹ́ iná.

Aránṣọ tó wà ní ilé kejì dé. "Ìyá Oníyìnyín, ẹ kú ìtìjú o."

"Ẹ ṣé o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ a rí irú ẹ̀ mọ́."

"Àmín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n gbé maṣíìnì mi síbẹ̀. Gílóòbù mi ò mọ́lẹ̀ tó, mi ò rí ojú abẹ́rẹ́."

Kò pẹ́, àwọn ọmọ àdúgbò kó iṣẹ́ àṣetiléwá wọn débẹ̀. Ẹnì kan tó ń sin adìyẹ fọwọ́ kan gílóòbù, ó rí i pé ó ń gbóná, ló bá gbé àpótí àwọn ọmọ adìyẹ kọ́ sábẹ́ ẹ̀. Ìyá Oníyìnyín tà títí tí ẹsẹ̀ fi dá, kò san kọ́bọ̀ lórí iná yẹn.

Ẹ̀yin náà mọ bí èèyàn ṣe rí. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, gbogbo ìyàwó ilé ń bi ara wọn pé, "Báwo ni tiyín ṣe jẹ́? Ta lẹ rí?" Àwọn tí wọn ò ní ń fi ojú burúkú wo àwọn tó ní. "Àwọn kan ṣáà lórí ire," ni wọ́n ń wí.

Ìfiṣòfò bá bẹ̀rẹ̀. Onílé kan ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì ẹ̀ sílẹ̀, ó gbé àga síwájú ẹ̀, ó ń gba atẹ́gùn. Ìyàwó kan ń se kẹ́tùrù omi, á dà á nù, á tún gbé òmíràn kaná. Bàbá kan tan áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ látàárọ̀, tábìlì ẹ̀ jó, ó sì fi ibi tó jó han àwọn aláyẹ̀wò àjọ.

"Ẹ wò ó, sà. Ṣé ẹni tó ń ṣọ́ iná lò ló máa ń ṣe báyìí?"

"Bàbá, èyí kéré. Fíríìjì yín ṣì ń pa dé dáadáa."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò ó bẹ́ẹ̀! Ẹ fún mi di ọ̀la, mo máa ba rọ́bà ẹ̀ jẹ́."

Ìgbà tó yá, èrò tò sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Alága wo wọ́n láti ojú fèrèsé tí wọ́n kàn pa. "Kí làwọn yìí ń wá?"

Akọ̀wé Àgbà mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ìyàwó tiẹ̀ pàápàá wà lórí ìlà. Ṣùgbọ́n ẹnu tí oyin ti mọ́ lára kì í fẹ́ yára tọ́ ewúro wò. Ó ní, "Alága, wọ́n wá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wọn ni."

Omijé bọ́ lójú Alága, díẹ̀ ló kù kó dì mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó jáde sí wọn.

"Ẹ̀yin ẹlẹ́ṣẹ̀ iná!"

"Sà!"

"Ṣé ojú ń tì yín?"

"Ó ń tì wá gan-an, sà!"

"Ṣé ẹ fẹ́ kí ayé rí ìtìjú yín?"

"Kí wọ́n rí i dáadáa! Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ fún tèmi ní èyí tó tóbi! Ẹ gbé e súnmọ́ ilé ìdáná!"

Alága ní kí wọ́n fún gbogbo wọn. Ó ní òun ò tíì rí ìlú tó ronúpìwàdà báyìí rí.

Ìyàwó ẹ̀ dúró dè é nílé. Òkùnkùn ni wọ́n ti jẹun, torí iná kì í dúró dáadáa mọ́ lójú pópó wọn látìgbà tí ìfiṣòfò ti bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá wọn, ilé wa nìkan ló ṣókùnkùn ní gbogbo àdúgbò yìí."

"Ògo wa nìyẹn."

"Ògo ọ̀hún ló jẹ́ kí n fẹsẹ̀ kọ korobá láàárọ̀." Ó fa àga sún mọ́ ọn. "Ẹ gbọ́ mi. Àwọn èèyàn yìí fẹ́ràn gílóòbù yín ni. Wọ́n ń ba fíríìjì wọn jẹ́ kí ẹ lè fún wọn. Ẹ kó o kúrò kí ọkùnrin yẹn tó dé, ẹ fún wọn ní rọ́bà. Bí ẹ bá ṣe é lónìí, ẹ ṣì lè bọ́ níbẹ̀."

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ náà fẹ́ wọ Alága létí. Ṣùgbọ́n bó bá kó gílóòbù kúrò, á jẹ́ pé òun ṣe àṣìṣe nìyẹn. Ta ló ń fún ẹni tó ṣe àṣìṣe ní àsíá?

"Ìyá wọn," ló wí, "ìlara àwọn ará àdúgbò ti ràn ọ́."

Ọ̀gá Àgbà dé ní ìrọ̀lẹ́. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì lásán, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Alága bá a jókòó sínú mọ́tò. Òpópónà tí wọ́n bá yà sí, ìmọ́lẹ̀. Ìkejì, ìmọ́lẹ̀. Ó mọ́lẹ̀ débi pé àwọn ẹyẹ ń ké bí ẹni pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́.

"Gílóòbù kí nìyí?" Ọ̀gá Àgbà béèrè.

"Iná Ìtìjú ni, sà! Èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ilé tó bá ń fi iná ṣòfò là ń gbé e kọ́ sí."

"Ilé wo ni kò ní?"

Alága na ọrùn. "Tèmi nìkan, sà!"

Ọ̀gá Àgbà yíjú wò ó. Àfi ìgbà tí Alága gbọ́ ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ara ẹ̀ ni kóòtù náà wá gbóná mọ́ ọn lára. "Ẹ paná!" ló pariwo láti inú mọ́tò. "Ẹ paná kíá!"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí iná tó yẹ kí wọ́n pa wà níbi tó ti ń pariwo. Ṣùgbọ́n súìṣì dà?

Wọ́n sáré dé ọ́fíìsì. Ó mú Ọ̀gá Àgbà wọ inú yàrá tútù, ó ní kí Akọ̀wé Àgbà lọ fa irin tó ń já iná àwọn gílóòbù. Irin yẹn kan náà ló ń já iná gbogbo ọ́fíìsì. Ó fà á. Ìlú ṣókùnkùn. Yàrá ṣókùnkùn. Ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mí kanlẹ̀, wọ́n kú.

Ooru dé. Wọ́n fẹ́ ṣí fèrèsé, ìṣó ò jẹ́. Ọ̀gá Àgbà ń gbọn ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó ní, "Kí ló gbóná níbí?" Ó tẹ̀ ba, ó gbé híítà jáde. Ó gbé e sórí tábìlì níwájú Alága, ó béèrè ẹni tó ni ín.

"Ti àìsàn ni, sà," Akọ̀wé Àgbà wí. "Alága ló ni ín."

Kí Alága tó lanu, ariwo ti gba ojú títì. Gbogbo ìlú ń bọ̀. Aránṣọ gbé aṣọ ìyàwó tí kò tíì parí dání, ẹni tó ń sin adìyẹ gbá àpótí mọ́ àyà, Ìyá Oníyìnyín ló ṣíwájú.

"Ta ló pa ìtìjú wa?" ló ń ké.

"Ẹ dá ìtìjú wa padà!"

"Mo fi ọwọ́ ara mi ba fíríìjì mi jẹ́ kí n tó rí i gbà! Ẹ dá a padà!"

Ọ̀gá Àgbà jáde sí wọn, ó béèrè bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Wọn ò fi nǹkan kan pamọ́, kí ló fẹ́ bà wọ́n lẹ́rù? Bàbá tó jó tábìlì fi tábìlì yangàn. Ọ̀gá Àgbà ní kí wọ́n fa irin náà padà, ó wá gba tọ́ọ̀ṣì, ó lọ wo mítà ọ́fíìsì lára ògiri. Mítà náà ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ó wò ó títí. Ó padà wá.

"Alága," ló wí, "ẹ lọ múra. Ẹ máa bá mi lọ sí olú-ìlú láàárọ̀ ọ̀la."

Olú-ìlú! Alága di Akọ̀wé Àgbà mú, ó gbọn ọ́n. "Ṣé o gbọ́? Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà," Akọ̀wé Àgbà wí. Ó rọra tú ọwọ́ Alága kúrò lára ẹ̀, ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gá Àgbà.

Ìyàwó Alága bá a di àpótí ní òru náà. Kò bá a lọ. Ó ní àwọn ọmọ ní ilé ìwé. Ìgbà tí mọ́tò fẹ́ gbéra, ó ní, "Bàbá wọn, ẹ fi kóòtù yẹn sílẹ̀," ṣùgbọ́n ó ti wọ̀ ọ́, ó ti de bọ́tìnnì ẹ̀ dé ọrùn. Àwọn ará ìlú tò sí ojú títì, wọ́n ń ké pé kí wọ́n má kó gílóòbù àwọn lọ. Alága rò pé òun ni wọ́n ń sunkún fún, ó ń juwọ́ sí wọn.

Wọ́n kó gílóòbù náà lọ, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Obìnrin tó ń tẹ̀wé ni wọ́n fi sórí àga fúngbà díẹ̀. Ó pín rọ́bà ẹnu fíríìjì kárí ilé, ó yọ ìṣó ojú fèrèsé, kò sọ̀rọ̀ kankan lé e lórí. Ìyá Oníyìnyín gba rọ́bà tiẹ̀, fírísà ẹ̀ ò kùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í léèrè, á ní ìjọba tó kọjá ló dáa jù.

Alága ńkọ́? Ó wà ní olú-ìlú lóòótọ́. Ilé gbàràmù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kó àwọn fíríìjì tó ti kú sí, kí wọ́n tó rọra fa gáàsì inú wọn, torí gáàsì yẹn burú ju èéfín lọ, bí wọ́n bá fọ́ ọ dànù, ayé ló ń bà jẹ́. Wọ́n ní kí Alága máa jókòó tì wọ́n kí ẹnikẹ́ni má fọ́ wọn. Ó ní Olùdámọ̀ràn lòun. Wọn ò bá a jiyàn.

Ní àràárọ̀ ọjọ́ Ajé, á dìde láàárín àwọn fíríìjì náà, á tún kóòtù ẹ̀ ṣe, á ní, "Ẹ̀yin ọmọ ogun mi!" Á sọ̀rọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Kò sì tíì rí èrò tó fetí sílẹ̀ báyìí rí: gbogbo wọn tò kalẹ̀ níwájú ẹ̀, wọn ò sọ̀rọ̀, wọn ò dìde lọ sílé, wọ́n kàn ya ẹnu sílẹ̀, wọ́n ń wò ó.